Orúnkún Tí Ìjọ Gbààwẹ̀ Fún

Mo rántí ìgbà tí odidi ìjọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí orúnkún mi, orúnkún tí nǹkan kan kò ṣe.

Èmi ni Ìyá Ìjọ ní ìjọ aláṣọ funfun wa ní Sabon Gari nígbà náà, ipò tí mo fẹ́ràn ju bó ti yẹ lọ. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Kantin Kwari. Alhaja tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi ló mú mi lọ kọ́ yoga ní yàrá òkè kan ní Enugu Road, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ọjà tó ṣí. Ọmọbìnrin Òṣogbo kan ló ń kọ́ wa. Ó ní yoga kọjá kí á na ẹsẹ̀, pé ìwà kan wà tó ń bá a rìn, Ọ̀ṣun ló sì fi ń ṣe àpẹẹrẹ ìwà náà fún wa. Lọ́sẹ̀ tí a kọ́ àìṣèkà, ó ní kí á ṣe ara wa jẹ́jẹ́ bí omi odò. Ó dùn mọ́ mi. Èmi tí mo ti ń pe ẹ̀yìn mi ní ọ̀lẹ láti ọjọ́ pípẹ́!

Ṣùgbọ́n báwo ni Ìyá Ìjọ ṣe máa dárúkọ Ọ̀ṣun? Nígbà tí Wòlíì wa bi mí léèrè ibi tí mò ń lọ, mo ní dókítà ló ní kí n máa lọ na orúnkún tó ń dùn mí. Irọ́ kékeré ni mo pè é. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Wòlíì kéde ààwẹ̀. Àwọn ìyá arúgbó febi panú nítorí mi, wọ́n tún gbé omi àdúrà wá sílé. Mo wá ń tiro, mo sì máa ń gbàgbé ẹsẹ̀ tó yẹ kí n fi tiro.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wa dé orí òtítọ́. Olùkọ́ fún wa ní dígí kọ̀ọ̀kan.

“Ọ̀ṣun fẹ́ràn dígí,” ó ní. “Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ má bù mọ́ ọn.”

Alhaja wo tirẹ̀. “Wallahi, mo rẹwà!” A rẹ́rìn-ín títí. Ó yíjú sí mi. “Ìyá Ìjọ, ẹ̀yin ńkọ́?”

“Elékèé tó ń tiro,” ni mo wí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dìde láti jẹ́rìí. Wọ́n ti ń múra àtẹ́wọ́ ìwòsàn. Mo mọ̀ pé ipò mi lè bá a lọ, síbẹ̀ mo sọ gbogbo rẹ̀, ti yoga, ti Ọ̀ṣun, ti irọ́. Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín: “Haba! Èmi tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kú!”

Wòlíì ò rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tiyín,” ó ní. “Kí ẹlòmíràn sì máa ṣe Ìyá Ìjọ.”

Mo sunkún díẹ̀, n kò ní parọ́. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Ẹ̀yìn ni mò ń jókòó báyìí, láàárín àwọn ìyá arúgbó, níbi tí ẹ̀rín pọ̀ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ibi tí mò ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa ń sọ fún un, àwọn míì sì máa ń bá mi lọ.