Sẹ̀gilọlá Gbé Ìbọn Sí Èjìká Òsì

Ẹni tó bá mọ Sẹ̀gilọlá ọmọ Tàjúdéènì dáadáa kì í bá a jiyàn. Bàbá rẹ̀, tó ń ta mílíìkì, ṣúgà, ẹyin àti ọṣẹ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Agboju, ti sọ ọ́ tán pé òun kò bí ọmọ, alágídí lòun bí. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ aṣọ rírán àti ìwé títẹ̀, òun lọ forúkọ sílẹ̀ láti di ẹ̀ṣọ́ oníbọn. Ọdún 1978 ni. Iléeṣẹ́ ìjọba kan ń wá àwọn tí yóò máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí létí èbúté, wọ́n sì ní àwọn máa gba obìnrin mélòó kan mọ́ ọn. Sẹ̀gi wọ kákí, ó de bẹ́líìtì, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ gba àárín ọjà kọjá kí gbogbo ayé lè rí i.

Ohun tí kò sọ fún ọjà ni pé kákí náà kò tíì di tirẹ̀. Ẹni tí kò bá lè yìnbọn ba pátákó lọ́jọ́ ìdánwò yóò bọ́ ọ sílẹ̀, yóò sì máa lọ sílé. Sẹ̀gi kò mọ bí òun ṣe máa tún fi ìró àti bùbá gba àárín ọjà yẹn kọjá, kí àwọn ẹlẹ́gàn máa bi òun pé bẹ́líìtì dà. Ikú yá jẹ̀sín, ó sì ti pinnu pé òun kò ní rí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Pápá tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn wà lẹ́yìn Amuwo, lápá ibi tí ilẹ̀ ti ń di ẹrẹ̀. Wọ́n mọ odi iyẹ̀pẹ̀ gàgàrà sẹ́yìn àwọn pátákó kí ọta má baà lọ pa ọmọ ọlọ́mọ. Odi yìí nìkan ni Sẹ̀gi ń yìn lù. Ó ń fojú ara rẹ̀ rí i pé góńgó ẹnu ìbọn wà láàárín pátákó gan-an, ṣùgbọ́n bó bá ti yìn ín báyìí, apá òsì lọta ń gbà lọ.

"Sẹ̀gi! Pátákó rèé níwájú ẹ. Kí ni Àgbádárìgì ṣe fún ẹ tó o fi ń yìnbọn síbẹ̀?"

Sájẹ́ńtì Ọbáfẹ́mi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó jagun dé, tó wá ń kọ́ wọn ní ìbọn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ sí ohun gbogbo, ìyẹn ló ń dà á láàmú.

Ó ní kí Sẹ̀gi di ojú òsì. Bí Sẹ̀gi bá di òsì, ọ̀tún náà á bá a dì, bíi pé wọ́n so wọ́n pọ̀. Ó wá ń kọ́ ojú dídì nílé. Ó kọ́ ọ níwájú dígí, ó kọ́ ọ nídìí ọjà, títí ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń gbé ní Festac, fi wá fẹjọ́ sun Sìlífátù, ìyá Sẹ̀gi, pé ọmọ rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí ọkọ òun.

"Ẹ má bínú, Ìyáàfin," ni Sìlífátù dá a lóhùn. "Ọkọ yín kọ́ o. Ìbọn ló ń ṣẹ́jú sí."

Nígbà tó yá, Sájẹ́ńtì fi áńkáṣíìfù di ojú òsì náà pa fún un. Ìyẹn tún wá burú jù. Góńgó ẹnu ìbọn di bàìbàì, omi ń dà lójú tó kù, ọta ń lọ síbi tó wù ú. Olúṣẹ̀yẹ, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, ní kó padà sídìí ẹyin títà, nítorí ẹyin kì í sá fún èèyàn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ẹyin tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí náà ló yọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Màmá Bọ́sẹ̀ láti Festac ti ṣọ́ọ̀ṣì yà wá ra ẹyin. Obìnrin yìí kì í ra ẹyin tí wọn kò bá yẹ̀ wò. Sẹ̀gi jókòó sẹ́nu ọ̀nà bó ti ń ṣe láti kékeré. Ó ká ọwọ́ rọbọtọ, ó gbé ẹyin sí i, ó kọjú rẹ̀ sí oòrùn, ó sì ń yọjú wò ó láti inú ihò ọwọ́. Èyí tó mọ́lẹ̀ rekete, ó dára. Èyí tó ṣú nínú, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

"Sẹ̀gi, kí ló ń ṣe ọrùn ẹ?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é, Mà."

"Ọwọ́ ọ̀tún lo fi mú ẹyin, o wá ń gbé e kọjá imú lọ sójú òsì. Àbí ojú ọ̀tún ti lọ sí ìdálẹ̀ ni?"

Sẹ̀gi rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà kú. Ó gbé ẹyin sójú ọ̀tún, kò rí nǹkan gidi. Ó ká ìwé ìròyìn rọbọtọ, ó ní kóun fi wo ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, ọwọ́ rẹ̀ kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó fi gbé e sójú òsì. Ó tún un ṣe, ibẹ̀ náà ló tún lọ. Ojú òsì ni ọ̀gá nínú ojú òun méjèèjì! Èjìká ọ̀tún ni ìbọn ń wà, ojú tó ń darí rẹ̀ wà lápá kejì imú, ọ̀gá yìí sì ni wọ́n ń fi aṣọ dì pa. Inú rẹ̀ dùn, inú sì tún bí i, nítorí ó ti fìyà jẹ ara rẹ̀ lásán.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá Sájẹ́ńtì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ gbé ìbọn sí èjìká òsì."

Sájẹ́ńtì wò ó bí ẹni tí wọ́n bú ní bàbá. "Òsì? Ọwọ́ tó o fi ń ṣan ìdí lo fẹ́ fi yin ìbọn ìjọba? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni!"

"Mi ò júwe ilé bàbá mi, sà. Pátákó ni mo fẹ́ yìn."

Torí ọ̀rọ̀ yìí, Sájẹ́ńtì fìyà jẹ ẹ́: Sẹ̀gi gbé ìbọn sókè lórí, ó sáré yí pápá ká títí apá fi kú tipiri. Kò bẹ̀bẹ̀.

Nílé, ó gbé ọmọ odó sí èjìká òsì, ó ń kọ́ ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ bá a níbẹ̀, ó figbe bọnu pé bí àwọn oníbàárà bá rí òsì lọ́wọ́ ọmọ òun, wọn ò ní ra ọjà òun mọ́.

"Bàbá mi, ọ̀tún ni mo fi ń gbowó lọ́wọ́ wọn, ọ̀tún náà ni màá máa fi gbà á. Ẹni tó ń jalè nìkan ló máa rí òsì mi."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀gá Fọláránmi, olórí gbogbo ẹ̀ṣọ́, jókòó sábẹ́ ibòòji. Wọ́n pe Sẹ̀gi àti àwọn tó kù, wọ́n dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tutù. Sẹ̀gi gbé ìbọn sí èjìká ọ̀tún bí wọ́n ti pàṣẹ, ó yìn ín. Àgbádárìgì. Ó gbọ́ ẹ̀rín Olúṣẹ̀yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà náà, lójú gbogbo wọn, ó ṣí ìbọn nípò, ó gbé e sí èjìká òsì.

"Gbé e padà!" Sájẹ́ńtì ké.

Sẹ̀gi kò gbọ́. Ká sòótọ́, ó gbọ́. Ìbọn náà, ẹni tó ń lo ọ̀tún ni wọ́n rọ ọ́ fún. Bó bá ti yìn ín, ó ní láti na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀ kó tó lè fa irin tó ń kó ọta wọlé, èèpo ọta gbígbóná sì ń fò kọjá níwájú imú rẹ̀. Àwọn tó kù ti yìn tán, wọ́n ti dìde. Òun nìkan ló kù nílẹ̀, tó ń fa irin, tó ń yìn, tí Sájẹ́ńtì ń bú u lórí. Ó yin gbogbo èyí tó kù tán.

Wọ́n gbé pátákó rẹ̀ wá. Ojú ihò ọta sún mọ́ra láàárín débi pé ọwọ́ kan lè bò wọ́n.

"Ó ṣàìgbọràn, sà," ni Sájẹ́ńtì wí. "Kó bọ́ kákí sílẹ̀!"

Ọ̀gá Fọláránmi wo pátákó, ó wo Sẹ̀gi. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ, kó o sì ṣèlérí pé o ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Sẹ̀gi kúnlẹ̀ níwájú Sájẹ́ńtì. "Ẹ má bínú, sà, torí ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí. Tí ẹ bá tún gbé ìbọn fún mi, òsì náà ni."

Ọ̀gá Fọláránmi fi ọwọ́ nu ẹnu, bóyá ẹ̀rín ló ń nù, ta ló mọ̀.

"Sájẹ́ńtì, olè tó bá wá síbi ẹrù wa, ṣé ó máa kọ́kọ́ bèèrè èjìká tí wọ́n fẹ́ fi yìn ín ni? Fún un ní báàjì rẹ̀."

Inú bí Sájẹ́ńtì. Ó mú báàjì, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ òsì nà án sí i. "Ṣebí òsì lo fẹ́. Gbà!"

Sẹ̀gi dìde dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ohun tó ti ń sáré lé láti ọjọ́ yìí wá, òun ló wà níwájú rẹ̀ yẹn. Kò gbà á.

"Ẹ fi ọ̀tún fún mi, sà," ló wí. "Èyí kì í ṣe ìbọn."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ńtì wo Ọ̀gá, Ọ̀gá ń wo ojú ọ̀run. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Sájẹ́ńtì tó pa ọwọ́ dà, kó tó fi ọ̀tún na báàjì náà sí i, Sẹ̀gi sì kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.