Ìjẹta Tí Mo Ṣì Kà

Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bí mo bá rántí àsìkò tí mò ń wí yìí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà Ìbá, kò jìnnà sí géètì yunifásítì, ó sì há débi pé bí oníbàárà méjì bá jókòó, ẹnì kẹta á dúró síta dè wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí á kó ìwé ìbéèrè tí wọ́n ti pín kiri wá, èmi á tẹ ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, màá ní kí ètò ìṣirò inú rẹ̀ ṣiṣẹ́, màá sì tẹ èsì jáde fún wọn lórí bébà. Bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ò parí yunifásítì o. Ọdún méjì ni mo lò kí n tó fẹsẹ̀ fẹ. Wọ́n ń pè mí ní Prófẹ́sọ̀, mo sì ń dáhùn. Mo tilẹ̀ lẹ ìwé kan mọ́ ògiri lókè orí mi, mo kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé KỌ̀ǸPÚTÀ KÌ Í PARỌ́. Bí mo bá rántí ìwé yẹn báyìí, ojú máa ń tì mí bí ẹni tí wọ́n bá nídìí olè.

Nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ni nọ́ọ̀sì kan wà, ìyàwó sójà, tí wọ́n ń gbé nínú bárékè Ọ̀jọ́. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n sì tún ń ka ìwé kún ìwé ní yunifásítì. Obìnrin tó máa ń fara balẹ̀ ni wọ́n. Bí ẹ bá sọ fún wọn pé òjò ń rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta wò. Ní ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n wọlé tọ̀ mí wá, wọ́n ní iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn kì í ṣe ti yunifásítì rárá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Òkòkòmáìkò ló ń bì, tí wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru, ọmọ mọ́kànlélógún. Àwọn òbí ti ní kí Àǹtí Nọ́ọ̀sì, bí mo ṣe ń pè wọ́n, bá àwọn wádìí ohun tó fà á.

Nǹkan méjì ni gbogbo èèyàn ń nàka sí. Èkínní ni ẹ̀wà Ìyá Ẹlẹ́wà. Ìyá àgbàlagbà kan láti apá Ìpókíá ni wọ́n, wọ́n sì ti ń ta ẹ̀wà lábẹ́ páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì láti ìgbà tí ilé-ìwé náà ṣì wà ní kíláàsì méjì péré. Èkejì ni omi kànga ẹ̀rọ tuntun tí onílé-ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, tó sì gbé táńkì dúdú sí lókè. Ìyá Ẹlẹ́wà ta ẹ̀wà ní ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n wọn ò wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí ọmọ wọn bímọ, wọ́n lọ bá a wẹ ọmọ. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an ni wọ́n ṣí omi táńkì fún àwọn ọmọ láti mu. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní irú èébì yìí kì í pẹ́ nínú kó tó jáde, wákàtí díẹ̀ ló ń gbà. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ọjọ́ wo ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì? Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ajé, ẹ̀wà ni. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, omi ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì yẹn, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti jókòó ti àwọn ìyá ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìyá kọ̀ọ̀kan sínú ìwé bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n tún fi í sínú fóònù wọn, nínú ètò kan tí ilé ìwòsàn fún wọn, tó máa ń gbé kàlẹ́ńdà síta kí èèyàn tẹ ọjọ́. Ìwé yẹn ni wọ́n kó wá fún mi. Ètò tèmi ò gba ọ̀rọ̀, nọ́ńbà ló ń gbà, nítorí náà bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn ìyá náà di iye ọjọ́ tó ti kọjá. Mò ń súfèé lọ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí èsì jáde, ó ní ọjọ́ Ajé ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Àǹtí Nọ́ọ̀sì wo bébà mi, wọ́n wo fóònù wọn. Fóònù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni.

Wọ́n gbé méjèèjì kalẹ̀ níwájú mi. "Prófẹ́sọ̀, àwọn ọmọ kan náà, àwọn ìyá kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Èwo ló ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì?"

Mo ní kí wọ́n fi fóònù sílẹ̀ fún mi di ọjọ́ kejì. Ẹ ò rí i bí mo ṣe ṣiṣẹ́! Mo wò ó bóyá ètò mi ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́ bí àwọn òyìnbó kan ṣe ń kọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo wò ó bóyá ọmọ kan ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì, rárá. Mo wo àwọn ibi tó ṣófo, mo wò ó bóyá kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí òdo. Mo yọ ètò náà kúrò pátápátá, mo tún un fi sí i. Èsì kan náà ló ń jáde. Gbogbo nǹkan ni mo yẹ̀ wò tán, àfi ìka ọwọ́ ara mi. Ẹni tó ń wá olè kiri ilé kì í sábà yọjú wo inú yàrá tiẹ̀.

Nígbà tí mi ò rí nǹkan kan lọ́dọ̀ tèmi, mo dojú kọ fóònù. Tòkunbọ̀ ni, Alábà ni wọ́n ti rà á. Aago ojú rẹ̀ bá tiwa mu, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo inú lọ́hùn-ún, mo rí i pé aago ìlú òkèèrè kan ni wọ́n fi í sí, níbi tí ilẹ̀ ti ń mọ́ ṣáájú tiwa. Inú mi dùn débi pé mo fọwọ́ lu tábìlì. Ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn: fóònù ń fi ọjọ́ kan ṣáájú! Ká ní mo fara balẹ̀ ni, ǹ bá rí i pé kò sí ohun tó kan aago pẹ̀lú ọjọ́ tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n mi ò wá òtítọ́ mọ́ nígbà yẹn, ẹni tí màá di ẹ̀bi rù ni mò ń wá. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo kọ ọ́ sínú bébà pé fóònù ló ṣì í, pé ọjọ́ Ajé ni, pé ẹ̀wà ni. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ létí, wọ́n kàn ní ìwọ lo mọ̀ ọ́n, ìwọ ni Prófẹ́sọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, onílé-ìwé fúnra rẹ̀ wá gba bébà náà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun máa kà á ní ìpàdé àwọn òbí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní tí sáà tuntun bá wọlé, èmi ni màá máa kọ́ àwọn ọmọ òun ní kọ̀ǹpútà. Orí mi wú.

Ní ọjọ́ Àìkú, mò ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí ìyá mi pè mí láti ilé. Wọ́n bínú, wọ́n ní láti ìjẹta ni àwọn ti ń pè mí tí mi ò gbé e. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, mo ní fóònù á sọ. Mo wo ibi tí fóònù kọ ìpè sí, mo rí ìpè wọn ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ti fẹ́ la ẹnu pé ṣé ẹ rí i, ọjọ́ méjì péré ni, kì í ṣe mẹ́ta. Mo gbé àwo ìrẹsì kalẹ̀.

Ta ni kò mọ̀ pé òní wà nínú ìjẹta? Òní, àná, ìjẹta: ọjọ́ mẹ́ta pé. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn ìyá ọmọ ti ní ìjẹta, ẹta ni mo gbọ́, mo tẹ 3, kọ̀ǹpútà sì yọ ọjọ́ mẹ́ta gbáko kúrò nínú Ọjọ́bọ̀, ó já sí ọjọ́ Ajé. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo sọ gbogbo 3 yẹn di 2. Èsì tó jáde bá àwọn ọjọ́ tí mo ti dà kọ láti inú fóònù Àǹtí Nọ́ọ̀sì mu lọ́mọ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Omi ni. Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà ò parọ́. Ohun tí mo sọ fún un ló sọ padà fún mi.

Mo gbé fóònù kí n pe Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Mo gbé e kalẹ̀. Mo ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní kí oníbàárà dínkù ná. Ojú ló ń tì mí, kò sí nǹkan mìíràn. Kí wọ́n gbọ́ ní gbogbo Ìbá pé Prófẹ́sọ̀ ò mọ ìjẹta kà? Báyìí ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ìpàdé máa wáyé ṣe dé bá mi, tí bébà èké ṣì wà lọ́wọ́ onílé-ìwé.

Inú kíláàsì ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ò sí níbẹ̀, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Ẹlẹ́wà jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orókún wọn ga sókè, ìkòkò ẹ̀wà wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni pé wọ́n ní ìrètí pé àwọn ṣì máa tà lọ́jọ́ náà. Onílé-ìwé ka bébà mi sókè. Nígbà tó parí, ìyá náà ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn yíjú sí obìnrin kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ wà lára àwọn tó bì, wọ́n bi í pé kí ló sọ fún nọ́ọ̀sì ní Ọjọ́bọ̀. Obìnrin náà ní òun sọ pé láti ìjẹta ni. Ìyá Ẹlẹ́wà gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo wa rí i, wọ́n ń ká ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́rú. Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ò wá síbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi kà á."

Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ gbọ́, mo ti mọ̀. Òtítọ́ wà lẹ́nu mi, ó kù kí n la ẹnu ni. Mo la ẹnu lóòótọ́.

"Màmá, kọ̀ǹpútà ló ṣe ìṣirò yìí, kì í ṣe ìka ọwọ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹlẹ́wà wò mí fún ìgbà pípẹ́, kì í ṣe tìbínú-tìbínú, wọ́n kàn ń wò mí. Lẹ́yìn náà wọ́n tún ìró wọn so, wọ́n gbé ìkòkò wọn, wọ́n jáde. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ni mo jù ú mọ́lẹ̀, èmi náà ni mo sì dúró tí mò ń wò ó.

Àwọn ọmọ ń mu omi táńkì lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èébì fi padà dé, kò sì sí ẹ̀wà kankan níbẹ̀ láti di ẹ̀bi rù. Lára ọmọbìnrin obìnrin tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé yẹn ló ti le jù. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, omi ni wọ́n ń fà sí i lára. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, mi ò lè wọlé, ẹnu ọ̀nà ni mo ti padà. Orí ló yọ ọmọ náà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì lọ kó ìwé wọn síta, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà tí mo tẹ̀ jáde fún wọn ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, wọ́n sì rí 3 mi. Wọ́n wá bá mi. Mo ní, "Èèṣì ni, mà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i báyìí ni." Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n tilẹ̀ tù mí nínú pé kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe. Wọ́n dí kànga náà, torí ṣáláńgá ilé kejì ti ń jò sí i. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ sílé Ìyá Ẹlẹ́wà láti bẹ̀ wọ́n. Ẹlòmíràn ti ń ta ìrẹsì lábẹ́ páànù wọn, àwọn òbí míì sì ṣì ń pè wọ́n ní ìyá tó fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo já ìwé ara ògiri mi, bí ẹni pé ìwé ló jẹ̀bi.

Ọdún ti gorí ọdún. Apá Ọ̀jọ́ ni mo wà báyìí, mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ tí mi ò mọ̀ dáadáa nígbà yẹn, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì máa ń kọ́ wọn ni kí wọ́n wo ìka ara wọn kí wọ́n tó wo ẹ̀rọ. Ìyá Ẹlẹ́wà ò lè gbé ìkòkò mọ́. Àgbàdo sísè ni wọ́n ń tà níwájú ilé wọn ní Òkòkòmáìkò. Ó pẹ́ tí mo ti ń lọ ra àgbàdo níbẹ̀ bí àlejò, wọ́n á fi èènì sí i, màá gbà á, màá lọ, mi ò sì ní lè jẹ èènì náà. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà sú mi í gbé kiri. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, mo sì rò ó: ìjẹta, 3, kọ̀ǹpútà.

Wọ́n ń bó àgbàdo lọ. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́ pé àṣìṣe ni, àṣìṣe ò sì burú, ta ni kì í ṣì í. Ọkàn mi ti fẹ́ balẹ̀. Ni wọ́n bá dáwọ́ dúró.

"Ìgbà wo ni ìwọ wá mọ̀?"

Mo lè sọ ohun tí mo sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú wọn sì wà lára mi bíi ti ọjọ́ ìpàdé yẹn.

"Ìjẹta ọjọ́ ìpàdé ni, mà."

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ká ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: Ìṣẹ́gun, Ajé, Àìkú. Wọ́n wo ìka mẹ́ta náà, wọ́n tú u. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n dìde, kí iyẹ̀pẹ̀ má ba aṣọ mi jẹ́. Mo ṣì ń lọ ra àgbàdo lọ́wọ́ wọn. Wọn ò fi èènì sí i mọ́, mo sì ń jẹ gbogbo rẹ̀ tán.