Ahọ́n Ìyá Yecheon

Ìyá Yecheon là ń pè é lábúlé wa, nítorí Yecheon ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá. Òun ló ń tọ́ iyọ̀ kimchi, kábéèjì oníata tí à ń tọ́jú pa mọ́ fún ìgbà òtútù, wò fún gbogbo wa. Bí òtútù bá ti wọlé, tí a kó kábéèjì jọ sí àgbàlá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ata kun ewé kan títí ó fi máa sọ pé, "Ó ti tó."

Ohun kan ló ń bà á lẹ́rù láyé. Ìyá tó bí i ṣarán títí tí kò fi mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí òun náà wá ń wá awò ojú rẹ̀ kiri, tí awò sì wà lójú rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ ya àwòrán ọpọlọ òun. Hye-suk, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló mú un lọ sí ìlú.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbí, ìyàwó ni wọ́n pè wọlé, wọ́n fi arúgbó sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Dókítà ní ọpọlọ ti súnkì díẹ̀, bíi ti àgbà. Àwọn àmì funfun kéékèèké wà níbẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kì í ṣe pé ó ti ń ṣarán o. Ó lè dé, ó lè má dé. Kó máa lo oògùn, kó máa rìn, kó dín iyọ̀ kù.

Hye-suk jáde, ó ní, "Màámi, kò sí nǹkan kan." Àgbà wo ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí ò ní fura?

Láti ọjọ́ yẹn ni Hye-suk ti ń dín iyọ̀ oúnjẹ kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kimchi, ó ti po ata sílẹ̀ kí a tó dé. Ìyá Yecheon tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Ẹnu mi ò mọ iyọ̀ mọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ ò sókè rárá. "Arán náà ti dé nìyẹn." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo tọ́ ata náà wò. Ó tẹ́ bí omi òjò. Inú bí mi.

"Hye-suk, iyọ̀ dà?"

"Dókítà ló ní ká dín in kù, mà. Mi ò fẹ́ kẹ́rù bà wọ́n ni."

"O ò fẹ́ kẹ́rù bà wọ́n, lo wá fi ahọ́n ara wọn dẹ́rù bà wọ́n? O ṣeun gan-an ni."

Ó fi omijé sọ gbogbo ohun tí dókítà wí. Ìyá Yecheon gbọ́ ọ tán.

"Ṣé kò ku nǹkan kan?"

"Kò kù, mà. Ẹ má bínú."

"Inú ò bí mi, ìyàwó. Ó rẹ̀ mí ni. Ọpọlọ tèmi ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo jókòó síta."

Ó bu iyọ̀ sí i, ó rò ó pọ̀, ó tọ́ ọ wò. A ń retí kó sọ pé ó ti tó. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fi ata kun ewé kan, ó nà án sí mi lẹ́nu.

"Àbúrò, bá mi tọ́ ọ wò, kó má jẹ́ ahọ́n tèmi nìkan."

Iyọ̀ náà ṣe déédéé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó mi orí pé òun gbọ́, ó fi ata kun ewé mìíràn, ó nà án sí ẹni tó jókòó tẹ̀ lé mi.