Oòrùn Tí Mi Ò Rí ní Kútọnu

Àkùkọ kò tíì kọ ní Ìlaròó nígbà tí ìyá wa kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Ó ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, bí ẹni pé òun gan-an ló ń rìnrìn àjò.

"Tí o bá dé ọ̀dọ̀ Kọ́lá," ó ní, "sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìbejì kì í gba ìyàsọ́tọ̀. Ohun tí a bá ṣe fún Táyé la ó ṣe fún Kẹ́hìndé. Má fi ẹnu lásán sọ ọ́ o. Ṣe é kó rí i."

Kọ́lá ni àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ta òkìríkà ní ọjà Mísẹ̀bó ní Kútọnu. Fídíò kan tó fi ránṣẹ́ ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni àwọn ìbejì rẹ̀, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Táyé dúdú, ó ń dán bí kóró iṣin. Àfín ni Kẹ́hìndé. Nínú fídíò náà, pátá nìkan ló wà nídìí Táyé, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé wọ ẹ̀wù alápá gígùn àti ṣòkòtò, wọ́n sì dé e ní fìlà tó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Ìyá wa wò ó tó ìgbà mẹ́fà. Ó ní wọ́n ti sọ ọ̀kan di ọmọ ọba, wọ́n sọ èkejì di ọmọ ọ̀dọ̀. Bí inú bá bí Táyé, ta ló máa bẹ̀ ẹ́?

Báyìí ni mo ṣe wọkọ̀ Ìdí-Ìrókò láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ilẹ̀ mọ́ bá wa ní Àjílété. Ọ̀nà yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ti gbà á rí mọ̀ ọ́n: ihò níwájú, ihò lẹ́yìn, awakọ̀ á máa yí síbí á máa yí sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń lé adìyẹ. Ní ẹnubodè mo ṣẹ́ náírà mi sí sẹ́fà, mo fẹsẹ̀ rìn sọdá sí Ìgòlò, mo sì wọ takisí tó ń lọ sí Àjàṣẹ́. Níbẹ̀, ẹni méjì ló ń jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́rin lẹ́yìn. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, epo bẹntiróò wà nínú ìgò lórí tábìlì, ó pọ́n roro. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé epo pupa ni wọ́n ń tà.

Apá òsì awakọ̀ wa, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wà nínú ìbọ̀sẹ̀ gígùn kan tó ti gé ibi ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Apá ọ̀tún rẹ̀ wà ní ìhòòhò.

Mo bi í pé, "Ṣé apá ń dùn yín ni?"

"Rárá o, Màmá. Oòrùn ni. Èyí ń gbé inú ilé, èyí ń gbé ìta." Ó gbọn apá òsì. "Ọkọ̀ ti ń sọ ọ́ di ti ẹlòmíì mọ́ mi lára."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ọkùnrin yìí kẹ́ ara rẹ̀ jù.

Láti Àjàṣẹ́, ọkọ̀ mìíràn gbé wa dé Kútọnu kí ọ̀sán tó pọ́n. Sémíjàn ni wọ́n ń pe ọ̀kadà níbẹ̀, àwọn tó ń gùn ún sì ń wọ ẹ̀wù kan náà bí ọmọ ilé-ìwé. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹ́fà ni ẹni tó gbé mi dé ilé Kọ́lá gbà. Ràfátù ìyàwó rẹ̀, ọmọ Nàgó láti Pobè, àwọn tó ń sọ èdè wa lọ́hùn-ún, kúnlẹ̀ kí mi, ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó sì gbé àtàsì wá. Àtàsì ni ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà nínú ìkòkò kan náà. Nílé, ọ̀tọ̀ la máa ń se ẹ̀wà, ọ̀tọ̀ la máa ń se ìrẹsì, ìgbà tí wọ́n bá dé inú àwo ni wọ́n ń mọra. Ti Ràfátù dùn, n kò ní purọ́.

Nígbà tí mo jẹun tán ni mo jíṣẹ́. Ó tẹ́tí títí mo fi parí.

"Àǹtí mi, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí," ó ní. "Mo wọ ẹ̀wù alápá gígùn fún àwọn méjèèjì. Ìléròrò ooru bo Táyé láti ọrùn dé abíyá, kò jẹ́ ká sùn. Mo bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀yin ní mo ya wọ́n sọ́tọ̀. Ṣé kí n bọ́ ti Kẹ́hìndé náà ni, kí oòrùn jó o?"

Ọ̀rọ̀ náà pin mí sí méjì. N kò rí ibi tó ti ṣì í, n kò sì rí bí mo ṣe máa gbé e dé iwájú ìyá wa. Ohun tó ń gba ọ̀kan là ló ń dá èkejì lóró. Mo ṣe bí ẹni tó ń wá omi mu.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ràfátù lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Pobè. Kó tó lọ, ó fi ìpara kan lé mi lọ́wọ́, tó ti ń tán lọ nínú ike rẹ̀. "Kírẹ́mù sòlẹ́ẹ̀," ó ní, ìyẹn ìpara tí ń dènà oòrùn. "Kẹ́hìndé nìkan ló ni ín o, Àǹtí mi. Láti aago mẹ́wàá sí aago mẹ́rin, ẹ má mú un jáde. Tó bá di dandan, ẹ̀wù gígùn, fìlà, ìpara, lábẹ́ ibòji."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ojú ọ̀run ṣú lọ́jọ́ náà bí ìgbà tí òjò bá ń ronú. Nígbà tó di bí aago mọ́kànlá, Kọ́lá bọ́ síta, ó wòkè.

"Àǹtí, oòrùn wo ni Ràfátù ń sọ? Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ wo òkun."

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mo wá ṣe. Mo wá ẹ̀wù méjì tó bára mu láàárín ẹrù Kọ́lá, aláwọ̀ òféfèé, kò lápá. Fìlà kan ṣoṣo ló wà nílé. Nítorí pé kò sí ti Táyé, n kò dé Kẹ́hìndé ní fìlà. Mo fún ìyókù ìpara sí àtẹ́lẹwọ́, mo pín in sí ọgbọọgba, mo fi ìdajì pa Táyé, mo fi ìdajì pa Kẹ́hìndé. Mo ní kí Kọ́lá ya wá ní fọ́tò, kó fi ránṣẹ́ sí Ìlaròó.

Ní etí òkun Fìjrọ̀sẹ̀, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n, okùn rẹ̀ gùn tí n kò fi rí òpin rẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké rí Kẹ́hìndé, wọ́n ń kọ "Yòvó! Yòvó!", ìyẹn òyìnbó lédè wọn. Mo ní, "Ọmọ Ìlaròó ni, ẹ̀yin aláìgbọ́n!" Wọ́n tún kọ ọ́ sókè sí i. Afẹ́fẹ́ tutù. Àwọn ìbejì fẹsẹ̀ talẹ̀ nínú omi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, n kò sì rí oòrùn lójú lẹ́ẹ̀kan. A lò tó wákàtí méjì.

Nígbà tí a délé tí mo fẹ́ wẹ̀ wọ́n, Kẹ́hìndé figbe ta bí mo ṣe fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Èjìká náà pọ́n bí ẹyìn. Ẹ̀yìn ọrùn, orí ẹsẹ̀, òkè imú, gbogbo rẹ̀ pọ́n. Táyé ń wò wá, kò sí ohun tó ṣe é. Ìpara kan náà, ẹ̀wù kan náà, òkun kan náà!

Mo ní kí a fi òrí pa á. Kọ́lá ní àdí àgbọn. A ń jà sí i lọ́wọ́ títí mo fi gbé ọmọ, a sì lọ sí ilé ìtajà oògùn tó ṣí lọ́jọ́ ìsinmi. Obìnrin tó wà níbẹ̀ gbọ́ Nàgó dáadáa.

"Kò sí òrí, kò sí àdí," ó ní. "Ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù lé e, kì í ṣe yìnyín. Ẹ fún un lómi mu dáadáa. Bó bá lé ròrò tàbí tí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni kíá."

"Ṣùgbọ́n oòrùn kò ràn," mo ní.

"Ó ń gba inú ìkùukùu kọjá, Màmá. Omi òkun àti yanrìn á tún máa dá a padà sókè. Tí ibà bá mú ọ̀kan nínú ìbejì yín, ṣé ẹ máa ń gún èkejì lábẹ́rẹ́ ni?"

Ní ti ìyá wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá mu àgbo, èkejì náà gbọ́dọ̀ mu ún. Obìnrin náà wo ojú mi, ó kó ẹ̀rín rẹ̀ mì. Ìpara tuntun jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sẹ́fà, ju owó ọkọ̀ mi lálọ-lábọ̀ lọ. Mo rà á.

Ràfátù dé ní ìrọ̀lẹ́. Mo jẹ́wọ́ kó tó bọ́ bàtà. Kò pariwo, bẹ́ẹ̀ ariwo ì bá tù mí lára. Ó gba aṣọ tútù lọ́wọ́ mi, ó tún un rẹ, ó tẹ́ ẹ lé èjìká ọmọ.

"Àǹtí mi," ó ní, kò wojú mi, "n kò ní lè gbé wọn wá sí Ìlaròó ní Iléyá. Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin tí mo bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ lẹ gbàgbé kí ọ̀sán tó pọ́n. Màámi tí n kò bá sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

Kọ́lá fẹ́ bá a wí. Mo ní kó dákẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí àwọn ọmọ yìí, ìyá wa kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n; Iléyá yẹn ló ń dúró dè.

Mo dúró títí di Ọjọ́rú. Ara Kẹ́hìndé kò lé ròrò, a dúpẹ́, àmọ́ awọ rẹ̀ ń bó féléfélé. Ràfátù ń fi ìpara tuntun pa Kẹ́hìndé nìkan. Táyé ń sunkún pé kí wọ́n fi pa òun náà lára, wọn kò dá a lóhùn, ó sunkún títí ó fi sùn. N kò mọ̀ títí di ìsinsìnyí bóyá ó yẹ kí n kí ìyá rẹ̀ tàbí kí n bẹ ọmọ.

Mo padà sí Ìlaròó ní Ọjọ́bọ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá wa, n kò yọ ọ̀kan kúrò, títí dé ọ̀rọ̀ Iléyá.

"Ta ló ní kí o má dé ọmọ ní fìlà?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é bákan náà, Màámi."

"Èmi tí mo wà ní Ìlaròó! Ìwọ lo gbé ọmọ dání!"

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ju ìyẹn lọ: mo gbé ọ̀rọ̀ àgbà dání, mo sì gbàgbé láti wo ọmọ tó wà lápá mi. Ìyókù ṣì rú mi lójú.

Lẹ́yìn náà ìyá wa ní kí n pe Ràfátù lórí fóònù, kì í ṣe Kọ́lá. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí mi ò ṣe gbọ́ ọ rí.

"Ìyàwó mi, ọmọ àfín yìí, n kò tọ́ irú rẹ̀ rí. Tí ẹ bá wá, kí ni kí n ṣe fún un?"

Mo gbọ́ Ràfátù lọ́hùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Láti aago mẹ́wàá sí aago mẹ́rin, Màámi..."

"Dúró ná," ìyá wa ní. Ó yíjú sí mi. "Lọ mú bíró wá."