Ọwọ́ Tó Di Ẹsẹ̀ Àkàbà Mú

Kí Moctar tó ṣubú, àwọn tó mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ ní àdúgbò wọn ní Tchaourou kò pọ̀. Ìyá Faridath ni wọ́n ń pè é, tàbí ìyàwó ẹni tó ń fọ dígí. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ṣubú ni gbogbo ènìyàn wá mọ̀ pé Safiatou ló ń jẹ́, torí orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu wọn mọ́: Safiatou tó fi àkàbà sílẹ̀.

Abúlé Alafiarou ni wọ́n bí i sí, nínú ilé àwọn tó ń gbin iṣu àti kajú. Moctar ní tirẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún díẹ̀ ní Cotonou, lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń fọ fèrèsé ilé gíga, kó tó padà wálé wá fẹ́ ẹ. Nígbà yẹn, ilé alájà ti ń pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ọlọ́dà tó lọ sí Parakou, dígí ni wọ́n sì ń fi sí iwájú wọn. Eruku títì kì í sinmi. Bí ọyẹ́ bá wá dé, dígí á pọ́n bí ìgbà tí ènìyàn fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Moctar rí i pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ó ra àkàbà aluminíọ̀mù tó ṣeé fà gùn, ó ra kànrìnkàn àti rákúlẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀pá onírọ́bà tí wọ́n fi ń gbá omi kúrò lára dígí, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ ń bá a di àkàbà mú sọdá sí Nàìjíríà, kò sì padà. Safiatou bá bọ́ sí ipò rẹ̀. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ti rò lọ. Ó fẹ́ràn bí eruku ṣe máa ń ṣí kúrò lójú dígí, tí ojú ọ̀run á sì yọ síbẹ̀. Moctar kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀, ó sì kọ́ ọ pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tó ti gbé Cotonou.

"Àkàbà tó bá dúró ṣánṣán ló ń da ènìyàn sẹ́yìn," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri, jẹ́ kó sùn dáadáa. Gun ìtẹ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá, kí o fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Bí o kò bá ti fi sílẹ̀, n kò lè ṣubú."

Rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ àkàbà náà ti jẹ tán, irin rẹ̀ ti yọ síta. Safiatou bi í nígbà kan bóyá kí àwọn wá òmíràn. Ó ní ọ̀ṣọ́ ni àwọn tó ń tà á fi ń ṣe, pé àkàbà tí ènìyàn bá ti dì mú kò nílò rọ́bà kankan. Safiatou gbà á gbọ́. Kí ni ì bá fi jiyàn? Ọkọ rẹ̀ ti ń gun òkè láti ọdún mélòó kan wá, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ní òtẹ́ẹ̀lì kan tó kọjú sí títì. Àlejò ń bọ̀ láti Cotonou, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì sì fẹ́ kí dígí òkè mọ́ kí wọ́n tó dé. Kárò ni wọ́n tẹ́ sí iwájú ilé náà, táìlì funfun tó ń dán bí abọ́ tánganran. Moctar gbé àkàbà síbẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà bí ìṣe rẹ̀, ó sì gùn ún. Safiatou dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀, ó dì í mú. Omi ọṣẹ ń kán láti òkè, ó ń dà sí i lórí, ó sì ń ṣàn lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ àkàbà.

Dígí kan ló kù, lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí ọwọ́ Moctar kò fẹ́ẹ́ tó. Ó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n sún àkàbà.

"Ẹyọ kan péré ni," ó ní. "Màá nà án."

Ó na ara rẹ̀. Safiatou ti mọ̀ ọ́n lára kó tó fojú rí i: irin náà mì lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀, bí ewúrẹ́ tó fẹ́ fa okùn já.

"Bàbá Faridath, ó ń rìn."

"Dì í mú."

Ó dì í mú. Ó fi gbogbo agbára tó ní dì í mú, ó fi àyà tì í, ó fún eyín pọ̀. Àkàbà náà yọ̀ lórí kárò bí ọṣẹ tó bọ́ lọ́wọ́, ó sì gbé òun náà lọ. Etí irin ya àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ṣubú lé àkàbà lórí, àgbọ̀n rẹ̀ sì lu irin. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, Moctar wà nílẹ̀, ó fẹ̀yìn lé etí bíríkì tí wọ́n fi yí òdòdó ká. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Kò pariwo.

"Safia," ó ní, "bá mi wo ẹsẹ̀ mi. N kò mọ ibi tí wọ́n wà."

Wọ́n gbé e lọ sí Parakou. Nígbà tí wọ́n gbé e padà wá, wọ́n ti sọ fún ìdílé pé eegun ẹ̀yìn ló kán, pé ẹsẹ̀ náà kò ní gbé e mọ́. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un ní yàrá ìyá rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé dáadáa. Àwọn ènìyàn ń wá kí i, láti Goro, láti Kika, àti àwọn tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí.

Ẹ̀yìn ilé ni Safiatou wà, ó ń fún aṣọ tó fi nu ọkọ rẹ̀, nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àlejò kan bi Moctar bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ohùn Moctar jáde láti ojú fèrèsé, ohùn jẹ́jẹ́, láìsí ìbínú.

"Ó fi àkàbà sílẹ̀."

Safiatou dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Ó ń retí pé kí ọkọ rẹ̀ fi nǹkan mìíràn kún un. Kò fi nǹkan kan kún un. Àlejò náà mí kanlẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run fún un ní sùúrù.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti gba abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá náà kò bú u. Ó kàn gba abọ́, ó ní, "Fi í sílẹ̀, màá fún un fúnra mi." Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń pọn omi bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ bó bá dé ìdí kànga. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ han ọ̀kan nínú wọn, ó ní bí òun bá fi sílẹ̀ ni, kí ló ya òun lọ́wọ́ báyìí? Obìnrin náà wò ó, ó ní bóyá ìgbà tó fẹ́ padà gbá a mú ló ya á.

Èyí tó burú jù ni pé òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ó rántí pé òun sín lẹ́ẹ̀kan ní àárọ̀ yẹn nítorí eruku. Ṣé ìgbà yẹn ni ọwọ́ òun tú? Bó bá ń gbálẹ̀, á dúró, á di ìgbálẹ̀ mú gírígírí, á máa wo ìka rẹ̀ bóyá ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣí láìjẹ́ pé òun mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé bí kò bá ti fi sílẹ̀, òun kò lè ṣubú. Ọkọ rẹ̀ sì ti ṣubú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin àgbà kan tí wọ́n ń pè ní tọ́ńtọ́n Táíwò wá kí Moctar. Akunlé ni, onígbàgbọ́, ó ti ń gun àkàbà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ó jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Safiatou sìn ín débi alùpùpù rẹ̀, ó bi í pé:

"Ìyàwó, báwo ni ẹsẹ̀ àkàbà ṣe jìnnà sí ògiri tó?"

Safiatou fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n nínú iyẹ̀pẹ̀ fún un.

"Ilẹ̀ ńkọ́?"

"Kárò ni, tọ́ńtọ́n. Ó lómi, ó lọ́ṣẹ."

Táíwò mi orí. Ó dúró ṣánṣán, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. "Wò ó. Fi orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ kan ẹsẹ̀ àkàbà, kí o nàró, kí o na ọwọ́ báyìí. Ó yẹ kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ kàn án. Bí kò bá kàn án, àkàbà ti sùn jù, yóò yọ̀. Orí kárò tó lómi, a kì í gbé e síbẹ̀ rárá bí a kò bá so orí rẹ̀ mọ́ nǹkan tó lágbára. Ẹni tó dúró nísàlẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ọkùnrin tó sanra jù mí lọ kò lè dá a dúró."

Safiatou di alùpùpù náà mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wọlé, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀."

Táíwò wo ẹnu ọ̀nà yàrá náà títí. "Ọkùnrin yẹn kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ẹní," ó ní. "Ohun tó kù fún un ni pé kì í ṣe òun ló fà á. Èmi kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀." Ó ṣáná sí alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Bóyá Safiatou ì bá dákẹ́. Ó gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì náà ránṣẹ́ sí Nafiou, àbúrò Moctar, pé kó wá parí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Nafiou sì gbé àkàbà náà jáde. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun ti rí ará Kika kan tó lápá bí ẹni tó ń fọ́ òkúta, òun ni yóò máa di àkàbà mú. "Èmi kò ní fi obìnrin sídìí rẹ̀," ó ní. Moctar mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Safiatou wà níbẹ̀, ó ń ká aṣọ.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ náà, Safiatou ti dé òtẹ́ẹ̀lì ṣáájú wọn. Nafiou kéré sí i lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n aya ilé ni Safiatou, "ọkọ mi" ló ń pè é.

"Ọkọ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì gùn ún. Ẹ gbé e bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe gbé e, kí ẹ̀yin méjèèjì dì í mú. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ bá ní kí n kúrò nílé yín, màá kúrò."

Nafiou bojú jẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà, bóyá kó lè fi hàn án pé àkàbà tí ọkùnrin bá dì mú kì í yọ̀. Safiatou da omi ọṣẹ sórí kárò. Imorou, ẹni tó ń ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì náà, bá a gbé àpò iyanrìn kan gòkè lọ sí bákóní, àpò tó wúwo bí àgbàlagbà. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ orí àkàbà. Nísàlẹ̀, Nafiou gun ìtẹ̀sẹ̀ kan, ará Kika gbá àkàbà mọ́ra lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti dì í mú?"

"A ti dì í mú."

Wọ́n ti àpò náà kúrò lórí bákóní.

Àkàbà yọ̀. Kò tilẹ̀ dúró díẹ̀. Ó gbé àwọn ọkùnrin méjèèjì nílẹ̀ kọjá lórí kárò, àpò náà balẹ̀, ó sì bẹ́, iyanrìn sì fọ́n dé ibi òdòdó. Nígbà tí Safiatou sọ̀ kalẹ̀, ará Kika ti dìde, ó ń gbọn ṣòkòtò rẹ̀. Nafiou ṣì jókòó sínú omi. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Mo dì í mú," ó ní.

"Mo mọ̀."

"N kò fi sílẹ̀."

"Mo mọ̀, ọkọ mi."

Nafiou kò lè wò ó lójú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, lójú ìyá wọn, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Moctar láìfi nǹkan kan pamọ́. Moctar gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó ní kí gbogbo wọn jáde.

Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò jẹ́ kí Safiatou wọlé tọ òun. Ìyá rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ara ìyá náà kò gbé e láti máa yí i padà bó ti yẹ, egbò sì dé sí ìdí rẹ̀. Nafiou wá, ó gbìyànjú láti ràn án lọ́wọ́, Moctar lé e.

Ó wá pe Safiatou lọ́sàn-án kan tí ìyá wọn lọ sí ọjà. Ó ti gbẹ gan-an. Ó kọjú sí ògiri nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

"O sọ fún mi pé ó ń rìn."

"Mo sọ ọ́."

"Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo rò pé bí o bá ti dì í mú, ó parí." Ó fi èékánná ha ògiri. "Kí ló dé tí o kò jẹ́ kó wà bó ṣe wà?"

"Nafiou fẹ́ gùn ún."

Moctar ní kó yí òun padà, Safiatou sì yí i padà. Ó fọ egbò náà, ó sì rí i pé ó ti jinlẹ̀ ju ohun tí aṣọ àti omi gbígbóná lè tọ́jú lọ.

Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ kí Moctar sọ pé ìyàwó òun fi àkàbà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pe àwọn tó ti sọ ọ́ fún tẹ́lẹ̀ padà, kò sì jẹun púpọ̀ mọ́. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀, ibà mú un láti inú egbò náà. Wọ́n tún gbé e lọ sí Parakou, kò padà wá láàyè. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ṣì tutù.

Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba nígbà tí àwọn tó wá kí wọn ṣì jókòó: àkàbà kọ́ ló pa ọmọ òun, ọ̀rọ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ ló sì gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Àwọn ọjọ́ kan wà tí Safiatou náà ń rò ó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọjọ́ mìíràn, á rí Nafiou níwájú ojú rẹ̀ lókè àkàbà yẹn, ìrònú náà á sì dẹwọ́. Ó ṣe opó rẹ̀ tán, ó mú Faridath, ó sì padà sí Alafiarou, sí oko bàbá rẹ̀.

Nafiou kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó fi rọ́bà tuntun sí ẹsẹ̀ àkàbà, okùn kò sì kúrò léjìká rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù, kì í gùn ún. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ní ó ti ń lọ́ra jù, ó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn tó ń yára. Nafiou mú àwọn ilé kéékèèké tó kù.

Ó máa ń wá sí Alafiarou lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe wá kẹ́yìn, ó kó iyọ̀ àti ṣúgà wá, ó bá Safiatou kó kajú láti inú oko wọlé, wọ́n sì jókòó síwájú ilé.

"Ìyá ń béèrè Faridath," ó ní.

"Faridath nìkan?"

Nafiou wo ilẹ̀. "Faridath nìkan."

Safiatou dìde, ó bu oúnjẹ wá fún un, ó sì jókòó tì í títí tó fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà ó pe Faridath pé kó lọ wẹ̀, kó wọ aṣọ tó dára, kó bá àbúrò bàbá rẹ̀ lọ kí ìyá àgbà ní Tchaourou.