Ẹ̀jẹ̀ Tí A Fi Bí Tàntí

Tàntí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Sakété, sanra débi pé kì í jókòó láì kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ àga wò. Àtọ̀gbẹ ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Àwọn ẹbí á ní inú ẹ̀jẹ̀ wa ni sísanra àti àtọ̀gbẹ wà, kò sẹ́ni tó lè bá a jà. Tàntí á ní, "Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọ̀gá mi."

Ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gé lára àpòlúkù rẹ̀ kúrò kí oúnjẹ díẹ̀ lè máa yó o. Nígbà tí ara rẹ̀ fúyẹ́, a lọ kí ìyá rẹ̀ ní Pobè.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ṣé o ti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí a fi bí ọ ni?"

"Rárá, Ìyá. Dókítà ní ohun tí mo jogún ṣì wà lára mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ náà lè mú kí apá kan rẹ̀ sùn."

"Bó bá jí ńkọ́?"

"Yóò bá mi lójúfò."