Àgò Lẹ́nu Ọ̀nà Ọlẹ̀

Wọ́n ní kí èèyàn má máa yin ara rẹ̀. Mo ti gbọ́. Àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ yìn, kò sì sẹ́ni tó máa dí mi lẹ́nu.

Tíṣà bàólójì ni mí n'Ìkẹ̀rẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ni àbúrò mi gbé kó tó lọ sílé ọkọ ní Àgbàdo-Èkìtì, láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó. Èèyàn dáadáa ni ọkọ rẹ̀, àfi pé kì í lè lanu níwájú ìyá rẹ̀. Ìyá náà ò sì ya ahun. Iṣu tuntun ò lè jáde kó má fi tèmi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í kágò. Ṣe ló máa ń já wọ yàrá àbúrò mi gìrì, á ṣí ìkòkò, á wo orí bẹ́ẹ̀dì, á wá tẹjú mọ́ ikùn rẹ̀. Ó ní ulé tí ọkọ òun kọ́ ni, ta ni òun fẹ́ máa kágò fún?

Oyún ò wá. Nígbà tí wọ́n wá a tì, wọ́n lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń da ẹyin obìnrin pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin níta, tó bá ti di ọlẹ̀, wọ́n á gbé e sínú ìyá. Ìgbà àkọ́kọ́, kò dúró. Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, ní ọ̀kadà tó gbé e láti gáréèjì wálé ló gbọ̀n ọ́n dànù. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mélòó ni aláboyún tó ń gun ọ̀kadà lọ sóko ní Èkìtì? Ìgbà kejì, ọ̀dọ̀ mi ló wà, ó sùn gbalaja bí ẹni tí wọ́n gbé ẹyin lé láyà. Kò dúró náà. Bí ọ̀kadà ṣe jàre nìyẹn, ló bá ku ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù.

"Ulé ọmọ rẹ̀ ló ń lé ọmọ," Màmá sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹbí. Wọ́n bá dá ọjọ́ ìpàdé, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kí wọ́n fẹ́ ìyàwó mìíràn fún ọmọ wọn.

Àbúrò mi pè mí lórí fóònù. Kò sunkún. "Àǹtí mi, ẹ wá bá mi jókòó. Èmi fúnra mi ni mo máa sọ̀rọ̀." Háà! Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, ó wá dìde dúró. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, tí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà, kí ló máa ń wí?"

"Àgò ni, kí ló tún kù?"

"Ẹni tó wà nílé ńkọ́?"

"Á ní àgò yà."

"Bí ọmọ ṣe ń wọ inú ìyá rẹ̀ náà nìyẹn." Ó ní ọlẹ̀ kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i dáadáa, síbẹ̀ kì í ṣàdédé lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kó ara wọn jọ di ọlẹ̀ máa ń tú oje jáde, oje yẹn ló fi ń kágò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lára ògiri ilé ọmọ á gbọ́, àwọn náà á fi oje tiwọn dáhùn, wọ́n á rọ̀, wọ́n á gbà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ péré ni ilẹ̀kùn yẹn fi ń ṣí lóṣù. Ọlẹ̀ tó bá dé ṣáájú ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Òmíràn sì wà tí kò lóhùn tó lè fi kágò, bẹ́ẹ̀ ọkọ àti aya ló jọ ni ín. "Dókítà rò pé a tètè gbé tiwa dé ni. A máa sún ọjọ́ síwájú."

Màmá na ọrùn. "Ṣé ọmọ gan-an máa ń kágò?"

"Ó máa ń kágò, Màmá. Ẹni tó bá já wọlé láìkágò kì í rí ibi jókòó sí."

Màmá wo ilẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ẹ̀kọ́ yìí, n kò kọ́ wọn báyìí rí, kí n má purọ́! Orí mi wú débi pé mo fẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ọkọ rẹ̀ ló wá dìde. "Màmá, mi ò fẹ́ ìyàwó mìíràn o." Àṣé ó lẹ́nu.

Ìgbà kẹta, ó dúró. Ẹ̀rù ń bà wá títí dọjọ́ ìkúnlẹ̀, àmọ́ ó dúró. Obìnrin ni ọmọ náà, ariwo rẹ̀ ò kéré.

Mo wà ní yàrá pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé Àgbàdo. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá tó ń bọ̀ kíákíá bíi ti tẹ́lẹ̀, ó gbé omi gbígbóná tí wọ́n máa fi wẹ ọmọ dání. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Àgò o."

Àbúrò mi wò mí, ó wo ọmọ tó wà láyà rẹ̀. Omi ń rú èéfín lọ́wọ́ Màmá, kò sì gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà.

"Àgò yà, Màmá. Ẹ máa wọlé."